Ewé Akíntọ́lá: Àlejò Tó Ta Kú Sínú Igbó Wa

Bí àdá bá bù wá lọ́wọ́ lóko, ewé Akíntọ́lá la máa ń já, ká rún un, ká fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ewé ìbílẹ̀ ni. Kì í ṣe ìbílẹ̀ rárá o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, apá àárín àti gúúsù, ló ti wá. Chromolaena odorata lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Nǹkan bí ọdún 1937, lásìkò ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń wá igi tó máa tètè dàgbà. Wọ́n kó èso igi mẹ̀línà wá láti Ceylon, tó ti di Sri Lanka báyìí. Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ ni pé èso ewé yìí ló bá a wọlé. Agbègbè Enúgu ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i kó tó dé ìwọ̀ oòrùn. Ẹ ò rí nǹkan! Nítorí igi tá a fẹ́ gbìn la ṣe gba ohun tó ń fún igi lọ́rùn wọlé.

Orúkọ ńkọ́? Lọ́dún 1962, wọ́n ní kí Olóyè S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, fipò sílẹ̀. Ó ní òun ò lọ. Ewé tí a bá gé lónìí tó tún rú lọ́la, kí làwọn èèyàn ì bá pè é? Akíntọ́lá-ta-kú! Ní Gánà, Acheampong ni wọ́n ń pè é, orúkọ ológun tó ṣèjọba wọn.

Ewé yìí kò burú tán. Àwọn àgbẹ̀ kan fẹ́ràn ilẹ̀ tó bá bò, torí ó máa ń lọ́ràá. Inú igbó ni wàhálà rẹ̀ wà. Èso rẹ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń gbé e kiri. Tó bá bo ilẹ̀, àwọn ọmọ igi kì í rí oòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á gbẹ, á di ìdáná. Iná á jó ọmọ igi pa, gbòǹgbò tirẹ̀ á tún hù lẹ́yìn òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń le sí i yìí, iná ló ń rí oúnjẹ.

Wọ́n ti gbìyànjú. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n tú irú labalábá kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ìdin rẹ̀ ń jẹ ewé náà. Kò rọ́wọ́ mú. Gánà tún un dán wò lẹ́yìn ọdún 1990, tiwọn sì fìdí múlẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí ewé Akíntọ́lá ò lè bá figagbága: ibòòji. Níbi tí àwọn igi ńlá bá ti pa orí pọ̀, kì í rọrùn fún un láti hù. Ibi tí a bá ti gé igi, tí a la ọ̀nà agégẹdú, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Torí náà, kí ìjọba tó ra oògùn apakoríko fún igbó Ọmọ tàbí Olúwa, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: ta ló ń gé igi ibẹ̀, ta ló sì ń gbin òmíràn dípò?