Àwọn Abàmì tí Kò Mọ̀ pé A Wà: Ìbẹ̀rù àti Adùn Rẹ̀ nínú Ìtàn H. P. Lovecraft

Ní oṣù Kejì ọdún 1928, ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan tí wọ́n ń pè ní Weird Tales ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìtàn àròsọ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ ‘The Call of Cthulhu’. H. P. Lovecraft, ọmọ ìlú Providence ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ni ó kọ ọ́. Olóòtú ìwé ìròyìn náà ti kọ́kọ́ dá ìtàn yìí padà fún un kí ó tó wá gbà á. Títí tí Lovecraft fi kú ní ọdún 1937, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n, owó tí ó sì ń rí nídìí ìwé kíkọ kò tó gbọ́ bùkátà. Ṣùgbọ́n lónìí, ó ṣòro kí ènìyàn sọ̀rọ̀ ìtàn adẹ́rùbani láìdárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa pàápàá ń pàdé àwọn ẹ̀dá tí ó fi inú rò nínú fíìmù àti nínú eré orí kọ̀ǹpútà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ẹni tí ó dá wọn.

Ìbéèrè méjì ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkíní ni pé, kí ló dé tí ohun tí ó ń dẹ́rù bani tó báyìí fi ń fa òǹkàwé mọ́ra? Èkejì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún òrìṣà ni wọ́n ń lò fún àwọn ẹ̀dá Lovecraft. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ń túmọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣé òrìṣà ni kí ó pè wọ́n? Àwọn mìíràn nínú wa ti ń gba ìtumọ̀ yìí wọlé láìwo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìtàn bí àwọn ẹ̀dá náà ṣe dé inú ìwé, lójú tiwa, ni ó yẹ kí ó dáhùn ìbéèrè náà.

Òǹkọ̀wé náà àti àkókò rẹ̀

Ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ ọdún 1890 ni a bí Lovecraft. Wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní 1893, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1898. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ ní 1919, òun náà sì kú síbẹ̀ ní 1921. Àwọn lámèyítọ́ kan fẹ́ràn láti fi èyí nìkan tú gbogbo ìbẹ̀rù inú ìwé rẹ̀ palẹ̀. Àlàyé náà kò tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òbí wọn ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tí wọn kò kọ ìtàn abàmì kankan.

Ohun tí ó jọ wá lójú jù ni ìràwọ̀. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn láti máa wo ojú ọ̀run, nígbà tí ó sì di 1906, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ lórí ìràwọ̀ fún àwọn ìwé ìròyìn agbègbè rẹ̀. Kò parí ilé-ìwé girama, kò sì gba Ọlọ́run kankan gbọ́. Ẹ wo ohun tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọdún díẹ̀. Ní 1897, Lord Kelvin ṣírò pé ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé wà láàárín 20 sí 40 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí ó fi di 1913, Arthur Holmes ti fi ọ̀nà tuntun wọn ọjọ́ orí àwọn òkúta, iye náà sì ti kọjá 1,000 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí ó di ìparí 1924, Edwin Hubble fi hàn pé ohun tí àwọn kan rò pé ó jẹ́ kùrukùru láàárín àwọn ìràwọ̀ tiwa jẹ́ odidi ọ̀wọ́ ìràwọ̀ mìíràn, tí ó wà níbi tí ọkàn ènìyàn kò lè dé. Ní 1930 ni wọ́n rí Pluto. Lovecraft ń kọ ‘The Whisperer in Darkness’ lọ́wọ́ nígbà náà; kíá ni ó sọ ayé jíjìnnà náà di ilé àwọn ẹ̀dá inú ìtàn rẹ̀.

Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ó máa ń gbé irọ́ rẹ̀ lé orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ilẹ̀ mì tìtì ní Quebec ní ilẹ̀ Canada ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1925, wọ́n sì gbúròó rẹ̀ títí dé agbègbè Providence. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ilẹ̀ mì nínú ‘The Call of Cthulhu’, tí ìlú kan tí ó ti rì sínú òkun fi yọrí síta.

Bí ìtàn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ìbẹ̀rù

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Brown kú, ẹbí rẹ̀ kan sì jogún àpótí tí ó kó ìwé sí. Nínú àpótí náà ni ó ti rí ère amọ̀ pẹlẹbẹ kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ọnà kan mọ lẹ́yìn tí ó lá àlá burúkú. Ó rí àkọsílẹ̀ ohun tí ọlọ́pàá kan sọ. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe kòńgẹ́ ìwé ìròyìn ilẹ̀ Australia kan, ó sì wá ọ̀rọ̀ náà lọ títí tí ó fi rí ìwé tí atukọ̀ ọmọ Norway kan kọ kí ó tó kú. Asọ̀tàn fúnra rẹ̀ kò fojú kan nǹkan kan. Bí ènìyàn bá mú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò sí ìbẹ̀rù kan tí ó tó nǹkan nínú rẹ̀. Ìgbà tí a bá tò wọ́n pọ̀ ni ẹ̀rù ń bani, òǹkàwé ni ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n. A máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ṣe àpèjúwe yékéyéké. Òǹkọ̀wé yìí fi hàn pé ìgbà mìíràn wà tí fífi nǹkan pamọ́ máa ń ṣe iṣẹ́ tí àpèjúwe kò lè ṣe.

Cthulhu ni orúkọ abàmì tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Orí rẹ̀ jọ ti ẹran òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, ó ní ìyẹ́, ara rẹ̀ sì fara jọ ti ènìyàn. Ó sùn sí ìlú R’lyeh lábẹ́ òkun Pàsífíìkì láti ìgbà tí ènìyàn kò tíì sí, ó ń retí ọjọ́ tí àwọn ìràwọ̀ yóò bọ́ sí ipò tí ó yẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe jáde. Kì í ṣe àwọn tí ń bọ ọ́ láti ìran dé ìran ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn atukọ̀ tí kò mọ nǹkan kan, tí ìmìtìtì ilẹ̀ gbé erékùṣù náà kò lójú, ni wọ́n ń tọ́ ilẹ̀kùn wò tí ó fi ṣí. Ó pa àwọn kan nínú wọn bí ẹni gbá èérí dànù. Wọn kò ṣẹ̀ ẹ́, kò sì bínú sí wọn.

Níhìn-ín gan-an ni pàtàkì ọ̀rọ̀ wà. Nínú lẹ́tà kan tí Lovecraft kọ sí olóòtú Weird Tales ní oṣù Keje ọdún 1927, ó ṣàlàyé pé ìpìlẹ̀ ìtàn òun ni pé òfin ọmọ ènìyàn, ìfẹ́ rẹ̀ àti ìmọ̀lára rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan nínú gbogbo àgbáálá ayé. Nítorí náà, àwọn abàmì rẹ̀ kò kórìíra wa. Ẹni tí ń lọ sóko kò bá èèrà ṣọ̀tá. Ó kàn ń lọ ni. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn, Azathoth, tilẹ̀ fọ́jú, kò sì ní làákàyè. Ó wà ní àárín gbùngbùn ohun gbogbo, wọ́n ń fun fèrè fún un.

Ẹ fi èyí wé ohun tí àwa mọ̀. Àgbà Yorùbá tí ó wí pé, ‘Òrìṣà, bí o kò le gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi,’ ń bá ẹni tí ó ń gbọ́ ọ sọ̀rọ̀ ni, ó tilẹ̀ ń bá a ṣàríyànjiyàn. Wọ́n sì tún máa ń sọ pé bí ènìyàn kò sí, imalẹ̀ kò sí. Àwọn iwin inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ọdún kan lẹ́yìn ikú Lovecraft, burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdẹ lè bá wọn jà, ó lè bá wọn sọ̀rọ̀, a sì lè mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kò sí ohun tí Azathoth ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Báwo wá ni èyí ṣe lè dùn ún kà? Edmund Burke ti sọ ọ́ láti 1757 pé ohun tí ó tóbi, tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì lágbára máa ń mú inú ènìyàn dùn lọ́nà kan, níwọ̀n ìgbà tí ewu rẹ̀ kò bá sún mọ́ ọn jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Àwọn tí ó ra Weird Tales ní 1928 ti la ogun 1914 sí 1918 kọjá, wọ́n ti la àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku 1918 kọjá. Wọ́n ti rí ikú tí kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ṣe rere. Àwọn oníwàásù ní àlàyé tí wọ́n ń ṣe, kò sì tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ìtàn Lovecraft kò ṣàlàyé, kò sì tù wọ́n nínú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n lè jókòó sílé kí wọ́n wo ohun tí ń já wọn láyà tàwòtán. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Ìlù inú àbàtà Louisiana

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá kù. Ní 1924 Lovecraft gbé Sonia Greene níyàwó, wọ́n sì kó lọ sí Brooklyn ní New York. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dín àwọn àjòjì tí ń wọ ilẹ̀ wọn kù gidigidi. Àjòjì pọ̀ ní Brooklyn bí eṣú, Lovecraft kò sì lè fara dà á. Ìkórìíra tí ó ní sí wọn kún inú lẹ́tà rẹ̀ àti inú ìtàn ‘The Horror at Red Hook’ tí ó kọ ní 1925. Ìyanu ni pé Júù tí wọ́n bí sí Ukraine ni ìyàwó rẹ̀. Ó padà sí Providence ní oṣù Kẹrin ọdún 1926. Ní ọdún yẹn náà ni ó kọ ìtàn Cthulhu.

Nínú ìtàn náà, ọlọ́pàá New Orleans kan kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú àbàtà ní 1907. Wọ́n gbọ́ ìlù, wọ́n rí àwọn tí ń jó ìhòòhò yí iná ká, wọ́n rí òkú àwọn tí wọ́n fi rúbọ, wọ́n sì mú bí ènìyàn 47. Adúláwọ̀ àti àdàmọ̀dì ẹ̀jẹ̀, bí òǹkọ̀wé ṣe rí wọn, ni púpọ̀ nínú wọn, láti àwọn erékùṣù Karibíà àti Cape Verde. Vodun ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Òǹkọ̀wé wá sọ pé rárá, ohun tí ó burú jù ú lọ ni.

Ọ̀rọ̀ Fọn àti Ewé ni vodun, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin àti Togo lónìí, ohun tí ó sì ń tọ́ka sí kò jìnnà sí òrìṣà wa. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti etíkun wa ni wọ́n gbé e dé Haiti àti Louisiana. Ní 1809 sí 1810, àwọn tí ó lé ní 9,000 tí ogun Haiti ti lé dé Cuba tún kó wá sí New Orleans, ẹrú àti adúláwọ̀ tí kì í ṣe ẹrú sì pọ̀ nínú wọn. Ní Haiti títí di òní, ọ̀wọ́ kan wà nínú àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń sìn tí wọ́n ń pè ní Nago, Ogou sì ni olórí wọn. Kò yẹ kí a túmọ̀ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí Lovecraft ń kọ̀wé, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni ó ń ṣàkóso Haiti, láti 1915 sí 1934, ìròyìn burúkú nípa ẹ̀sìn àwọn ará ibẹ̀ sì ń tà bí àkàrà gbígbóná. Kò ní láti ronú jìnnà kí ó tó rí ohun tí yóò fi dẹ́rù ba òǹkàwé. Ó fi ẹ̀sìn àwọn ènìyàn wa ṣe àtẹ̀gùn. Ó gun orí rẹ̀ kọjá lọ bá Cthulhu.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wọ́n

Nítorí náà, bí a bá pe Cthulhu ní òrìṣà, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣì í pè. A pe ohun tí kò mọ̀ wá ní orúkọ ohun tí ó mọ̀ wá. A sì tún fi ọwọ́ ara wa parí irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ìlù inú àbàtà. A ti rí irú rẹ̀ rí. Láti ìgbà tí Bíbélì Yorùbá ti lo Èṣù fún Sátánì, kò sí olùkọ́ tí kò tíì jìyà àtiṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì fún ọmọ kíláàsì rẹ̀. Èyí tí a ń sọ yìí kò tíì fìdí múlẹ̀, ó ṣì ṣeé tún ṣe. ‘Abàmì’ ni a lò láti òkè wá. ‘Àǹjọ̀nú’ kò fi bẹ́ẹ̀ dára, nítorí àǹjọ̀nú a máa bá ènìyàn ṣe ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá. Àwa kò ní kí olùyẹ̀wò gbé òdo fún ọmọ tí ó bá kọ òrìṣà. Kí ó ṣáà wò ó bóyá ọmọ náà mọ ìdí tí ó fi yàn án.

Àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí ń kọ̀wé ní Amẹ́ríkà náà ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Láti 1975 ni wọ́n ti ń fi ère orí Lovecraft ta àwọn tí ó bá gba ẹ̀bùn World Fantasy lọ́rẹ. Nnedi Okorafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn náà ní 2011. Lẹ́yìn náà ni ó kọ̀wé síta nípa ewì kan tí Lovecraft kọ ní 1912 láti fi tàbùkù adúláwọ̀, ó sì béèrè bí ó ṣe yẹ kí òun máa wo ère náà nínú ilé òun. Ní 2015 wọ́n kéde pé àwọn yóò pa ère náà tì. Ní 2016, Victor LaValle tẹ ìwé The Ballad of Black Tom jáde, ó sì tún ìtàn Red Hook sọ láti ẹnu ọ̀nà adúláwọ̀ kan ní Harlem, tí aláwọ̀ funfun kan yìnbọn pa bàbá rẹ̀ láìnídìí tí kò sì sí ẹni tí ó mú un. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ pé abàmì kan ń sùn lábẹ́ òkun tí kò mọ̀ pé ènìyàn wà, kò sá. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa tí wọ́n sì kórìíra rẹ̀ ni ó gbé e lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú abàmì náà, ó sì yan abàmì.