Freetown, Ìlú Tó Ń Sanwó fún Ẹni Tó Bá Tọ́ Igi Dàgbà

Lọ́dún 1822, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Àjàyí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, dé Freetown, tó jẹ́ olú-ìlú Sierra Leone lónìí, orí òkè ni wọ́n mú un lọ, sí abúlé Bathurst. Ibẹ̀ ni ẹni tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ti kọ́ ìwé kíkà àti iṣẹ́ káfíńtà. Òun nìkan kọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ló tẹ̀dó sínú Freetown àti sí àwọn abúlé tó yí i ká, láti Regent lórí òkè títí dé Hastings àti Waterloo. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn tó padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta nínú wọn ni a wá ń pè ní Sàró. Igbó ńlá ló bo òkè náà nígbà yẹn. Ohun tójú igbó yẹn ti rí láti ìgbà náà, àti bí àwọn ará ìlú ṣe ń gbìyànjú láti dá a padà, yẹ kó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé etí òkun.

Freetown fún mọ́ àárín omi àti òkè. Òkun Àtìláńtíìkì wà níwájú rẹ̀, òkè tó ga tó nǹkan bí 900 mítà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré: láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá ni ó máa ń rọ̀, oṣù kẹjọ ló sì máa ń le jù. Gbogbo omi tó bá bọ́ sórí òkè, àárín ìlú ni yóò gbà kọjá kó tó dé òkun. Bí igi bá wà lókè, ewé á kọ́kọ́ gba òjò, gbòǹgbò á mú ilẹ̀ dání, omi á sì rọra wọlẹ̀ lọ sínú àwọn odò kéékèèké. Bí kò bá sí igi, ọ̀gbàrá ni.

Àwọn aláṣẹ ayé àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Lọ́dún 1916, ìjọba àmúnisìn sọ igbó orí òkè náà di igbó ọba, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi rẹ̀ bó ṣe wù ú. Nígbà tó yá, nínú àfonífojì Guma tó wà láàárín igbó náà ni wọ́n mọ ìdídò tí ìlú ti ń rí omi mu títí dòní. Lọ́dún 2012, ìjọba Sierra Leone tún gbé ipò igbó náà ga, ó di ọgbà ìdáàbòbò ti orílẹ̀-èdè.

Àṣẹ wà lórí ìwé lóòótọ́, àmọ́ ogun bẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọdún 1991 sí 2002 tí ogun abẹ́lé fi jà, ẹni tí wọ́n lé kúrò lábúlé rẹ̀ kò ní ibòmíì tó lè sá sí ju olú-ìlú lọ. Nínú ìkànìyàn ọdún 1963, àwọn tó ń gbé Freetown kò tó 130,000. Nígbà tí wọ́n fi máa kà wọ́n lọ́dún 2015, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀ kò gba gbogbo wọn, ni wọ́n bá ń gun òkè. Wọ́n ń gé igi kọ́lé, wọ́n ń gé e dáná, wọ́n ń sun ún di èédú tí wọ́n ń tà lọ́jà. A kò gbọ́dọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru tálákà o. Àwọn olówó náà gba ilẹ̀ lórí òkè, wọ́n kọ́ ilé alárinrin tó dojú kọ òkun sí i. Létí omi ńkọ́? Igi mangrove tí ẹja ń sá pamọ́ sí láti yé ẹyin ni wọ́n gé fi yan ẹja, wọ́n sì ń fi ìdọ̀tí àti iyẹ̀pẹ̀ dí ẹrẹ̀ tó ń hù sí, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ kọ́ ahéré.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ni ìyà gbogbo rẹ̀ jẹ ìlú. Òjò tó ti ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n máa ń rí. Apá kan òkè Sugar Loaf, nítòsí Regent, ya lulẹ̀. Ẹrẹ̀, àpáta àti igi wó lu àwọn ilé nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà lórí ibùsùn. Àwọn tó kú àti àwọn tí wọ́n wá tì lé ní 1,100. Òjò àrọ̀ìdá dá kún un, òkè tó da gẹ̀rẹ́ dá kún un, àmọ́ òkè tí wọ́n ti ṣí ní aṣọ yẹn dá kún un pẹ̀lú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìbò yan Yvonne Aki-Sawyerr sípò Méyọ̀. Oníṣirò owó ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ takuntakun nígbà tí wọ́n ń gbógun ti àrùn Ebola. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó gbé ètò kan tí wọ́n pè ní Transform Freetown síta, ìtọ́jú àyíká sì wà lára ohun tó kà sí pàtàkì. Láti inú rẹ̀ ni ètò Freetown the Treetown ti jáde lọ́dún 2020: igi mílíọ̀nù kan ni wọ́n fẹ́ gbìn, lórí òkè, létí odò, ní ọgbà ilé ìwé àti nínú ẹrẹ̀ etí omi. Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tó kówó sílẹ̀.

Ìlú tó ti gbin igi pọ̀ lágbàáyé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ti fi ọjọ́ 14 oṣù keje sílẹ̀ lọ́dọọdún fún igi gbígbìn láti ọdún 2008. Ohun tó máa ń ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ níbi gbogbo kò ju pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbin igi ni gbogbo ojú máa ń wà lára rẹ̀. Àwọn aláṣẹ á gbé ṣọ́bìrì, wọ́n á ya fọ́tò, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ta ni yóò bu omi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ta ni yóò lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀? Ibi tí Freetown ti ṣe bẹbẹ nìyẹn, nítorí pé ìtọ́jú ni wọ́n sọ di iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹgbẹ́ àdúgbò ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gbin igi sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́ àti obìnrin. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti rin gbingbin, wọ́n á gbé àwọn ọmọ igi láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́ wọn gòkè lọ, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á gbìn ín. Ẹni tó gbìn ín á yọ fóònù, á ṣí áàpù kan tó ń jẹ́ TreeTracker, á dúró nídìí igi náà, á sì ya fọ́tò rẹ̀. Áàpù náà á kọ ibi tó wà gan-an àti ọjọ́ tí wọ́n ya á sílẹ̀, igi yẹn á sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, olùtọ́jú á padà gòkè lọ. Ó ti ro ìdí rẹ̀, ó ti bu omi sí i. Á tún ya á ní fọ́tò. Bí igi bá wà láàyè, owó á wọlé sórí fóònù rẹ̀. Bí ó bá ti kú, kò sí ohun tó lè fi hàn. Owó kékeré ni, àmọ́ nínú ilé tí kò sí iṣẹ́ oṣù, owó oúnjẹ ni.

Fọ́tò wọ̀nyí ni wọ́n tún fi ń wá owó tí yóò mú iṣẹ́ náà lọ síwájú. Èrò wọn ni pé kí ilé iṣẹ́ tàbí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ ra ẹ̀tọ́ lórí igi tí a ti fi ojú rí, kí owó tó bá wọlé sì padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́ igi. Lóyè tèmi, èyí ló dára jù nínú gbogbo ètò náà, nítorí owó ìrànwọ́ láti òkèèrè kì í pẹ́ tán, igi ní tirẹ̀ sì nílò ọ̀pọ̀ ọdún.

Láàárín àkókò òjò méjì àkọ́kọ́, wọ́n ti gbin igi tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù, ó sì lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn tó yè. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Freetown wà lára ìlú 15 tó gba mílíọ̀nù kan dọ́là nínú ìdíje àwọn méyọ̀ àgbáyé tí Bloomberg Philanthropies ṣètò. Lọ́dún 2023, ètò náà wọ ìpele àṣekágbá ẹ̀bùn Earthshot. Ooru náà ti di ọ̀rọ̀: lọ́dún 2021, wọ́n yan Eugenia Kargbo láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ ooru ní ìlú náà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú ní Áfíríkà. Nínú ilé onípáànù tó há mọ́ra wọn, níbi tí kò sí ibòji igi kankan, ooru ọ̀sán kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjì wó igi àràbà ńlá tó wà láàárín ìlú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé abẹ́ igi yẹn ni àwọn tó ti gba òmìnira tí wọ́n wá láti Nova Scotia ti gbàdúrà ìdúpẹ́ nígbà tí wọ́n dá Freetown sílẹ̀ lọ́dún 1792. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó Sierra Leone. Èèyàn sunkún.

Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ igi yìí, bí a ti ń gbìn ni wọ́n ń gé. Nínú ọgbà ìdáàbòbò orí òkè yẹn ni Tacugama wà, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ìnàkí tó pàdánù ìyá wọn láti ọdún 1995. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn alákòóso ibẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àlejò láti fi ẹ̀hónú hàn, nítorí àwọn tó ń gba ilẹ̀, tó ń gé igbó, ti dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú Freetown kọ́ ló ń fúnni láṣẹ ilẹ̀ lórí òkè náà, ìjọba orílẹ̀-èdè ni. Méyọ̀ ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n fún ìlú lágbára láti pinnu ẹni tó lè kọ́lé àti ibi tó lè kọ́ ọ sí. Títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀, olùtọ́jú igi tó ń gun òkè pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ àti ẹni tó ń gbé ayùn lọ sókè kan náà yóò ṣì máa pàdé lọ́nà.