Lẹ́tà Ẹdẹ Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Wọlé

Ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò dá ni wọ́n fi jẹ wá níyà ní Ẹdẹ, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi jẹ wá níyà rẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú sáfà ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ kan nílùú yìí nígbà náà. Olùkọ́ kan á kọ lẹ́tà sí ojúgbà rẹ̀ lókè òkun, kò ní pẹ́ tí lẹ́tà á fi padà wá pẹ̀lú nọ́ńbà 550 lórí rẹ̀. Sáfà ọ̀hún kò gbà á nìyẹn. Wọn kò tilẹ̀ ka ohun tó wà nínú lẹ́tà. Ibi tó ti wá ni wọn kò fẹ́.

Ní 1997, ní Amẹ́ríkà, Paul Vixie ṣe àkójọ kan tó ń jẹ́ RBL. Nọ́ńbà IP, ìyẹn àdírẹ́sì sáfà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí spam (lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè) bá ń ti ibẹ̀ jáde á wọ inú rẹ̀, sáfà tó bá ń lo àkójọ náà á sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Steve Linford dá Spamhaus sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ rere ni, mo gbà bẹ́ẹ̀. Spam ìbá ti ba ímeèlì jẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè. Blackholes.us ń pín àkójọ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ìlà kan ṣoṣo kún ètò sáfà rẹ̀ ti sé gbogbo wa mọ́ta, àtolè àtọmọlúàbí.

Òótọ́ ni pé ohun kan ló fà á. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ni lẹ́tà 419 ti ń bá póòsì àti fáàsì lọ. Nígbà tí kafé gbòde, àwọn ọmọ Yàhúù ń sanwó òru, wọ́n á máa rọ̀jò lẹ́tà ẹ̀tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Asẹ́ SpamAssassin, tí Justin Mason gbé jáde ní 2001, máa ń fún lẹ́tà ní máàkì. Bó bá pé 5, spam ni. Lára àyẹ̀wò rẹ̀ ni wọ́n ti sọ kan ní NIGERIAN_BODY. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa! Ó dùn mí gan-an.

Ohun tí àwọn ará ọ̀hún kò mọ̀ ni bí a ṣe ń rí íntánẹ́ẹ̀tì. Kéébù SAT-3 dé etíkun Èkó, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Díìṣì VSAT la gbé sórí òrùlé, ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì òkèèrè ló sì ni nọ́ńbà IP tí à ń lò. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lè jẹ́ ti yàrá kọ̀ǹpútà, ti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àti ti àwọn tí a kò mọ̀ rí. Bí ẹnì kan bá fi í ránṣẹ́ ẹ̀tàn lóru, gbogbo wa la máa jí bá ìlẹ̀kùn títì láàárọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn; ṣùgbọ́n àwọn ará ilé yìí, a kò mọ ojú wọn, ká tó wá sọ pé a ó bá wọn wí. Bí mo bá sì kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ wá kúrò, wọ́n á ní kí ẹni tó ni nọ́ńbà fúnra rẹ̀ kọ̀wé. Onínọ́ńbà kì í dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa ṣe pa àdírẹ́sì .edu.ng tì, tí wọ́n ń fi Yahoo ọ̀fẹ́ kọ̀wé bí ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́.

Nǹkan wá yí padà díẹ̀díẹ̀. Àjọ AFRINIC bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́ńbà IP fún Áfíríkà ní 2005, kéébù MainOne àti Glo-1 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. SPF àti DKIM náà dé, tí sáfà fi lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Láti oṣù Kejì 2024, Gmail ti sọ wọ́n di dandan fún ẹni tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́.

Ẹdẹ lónìí kì í ṣe ìlú tó yẹ kí ayé ti lẹ́tà rẹ̀ síta. Ní oṣù Kẹta 2020, ibùdó ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò kòrónà ní Áfíríkà. Ẹ̀yin alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú sáfà yín bóyá SPF, DKIM àti orúkọ tí nọ́ńbà IP yín ń jẹ́ pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú asẹ́ lókè òkun, ìwà sáfà ni kí ẹ fi dá a lẹ́jọ́, ẹ má fi orílẹ̀-èdè rẹ̀ dá a.