Owó Tí Wọ́n Rì Sínú Òkun

Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń yin àwọn ọ̀dọ́ Èkó tí ń fi kọ̀ǹpútà dá àrà, n kì í bá wọn jiyàn. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkun ni mo rí pé ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí owó wọn kò tètè padà wálé.

Okùn SAT-3 ti gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé Èkó láti nǹkan bí ọdún 2002, ọwọ́ NITEL ni ó sì wà. Ó wọ́n, kò sì kárí. Ẹni tí kò rí i lò a máa gba ti sátẹ́láìtì, èyí tí ó tún wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín léèrè nípa káfẹ́ tí wọ́n ti ń ra wákàtí, tí àwòrán kan yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín títí wákàtí yóò fi tán.

Funke Opeke, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Ifẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dá MainOne sílẹ̀ ní 2008. Okùn tí ó fẹ́ nà láti ilẹ̀ Potogí wá sí Èkó gùn tó 7,000 kìlómítà, ìnáwó rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 240 dọ́là. Ta ni yóò yáni ní irú owó bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó fi owó ra ìrẹsì láti òkè òkun mọ oṣù tí ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀; ti okùn yìí, inú ibú ni ó ń lọ, ojú kò sì ní rí i mọ́. Síbẹ̀ Africa Finance Corporation àti àwọn báǹkì Nàìjíríà gbé owó kalẹ̀, okùn náà sì gúnlẹ̀ ní 2010. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, n kò mọ ìṣirò owó, ṣùgbọ́n mo mọ ìgboyà bí mo bá rí i.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Shola Akinlade àti Ezra Olubi bẹ̀rẹ̀ Paystack, tí ọlọ́jà fi ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn kọ́ ni ó rò ó fún wọn. Ṣùgbọ́n oníbàárà wo ni yóò dúró de ojú ìwé tí kò ṣí? Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack ní 2020 ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Gbogbo wa gbọ́, a sì hó yèè. Ní 2022, Equinix, ará Amẹ́ríkà bákan náà, ra MainOne ní mílíọ̀nù 320. N kò bá wọn wí. Ẹni tí ó ri owó sínú òkun lẹ́tọ̀ọ́ láti fà á jáde. Ṣùgbọ́n ta ni ó hó?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn náà àti àwọn mìíràn já nítòsí etíkun Ivory Coast. Ọ̀pọ̀ báǹkì kò dáhùn mọ́. A dúró níwájú olóńjẹ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, owó kò kọjá. Ìròyìn dárúkọ MainOne, ọ̀rẹ́ mi kan sì yíjú sí mi: “Kí tilẹ̀ ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”