Àìmọ̀ yàtọ̀ sí ìgbàgbé

Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún ní ń sọ aṣọ di àkísà, kò sẹ́ni tí í fowó rà á. Òwe yìí ni mo máa ń rántí bí mo bá ń ro ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé Agbowó ní Ìbàdàn, tí olùkọ́ rẹ̀ gbé táblẹ́ẹ̀tì lé lọ́wọ́ pé kó lọ sí Bódìjà, kó wo bí ẹ̀rọ ṣe lè ran àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ń ra lọ́wọ́.

Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó tan ẹ̀rọ, ó yẹ kó ti mọ àìmọ̀ yàtọ̀ sí ìgbàgbé. Ẹ bi ìyá kan ní ìbéèrè, wọ́n dákẹ́. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ni, àbí wọn kò mọ̀ ọ́n rí? Ìdánwò tí Folstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1975, tó tàn ká ilé ìwòsàn lágbàáyé, ń sọ pé kí èèyàn kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, kó sì máa yọ méje méje kúrò nínú 100. Ìyá tí kò fẹsẹ̀ tẹ iléèwé rí yóò kùnà níbẹ̀, ìbáà ṣe pé iyè wọn jí pépé.

Ìbàdàn ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn tó ti pé ọdún 65 ní àdúgbò Ìdíkàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995, iṣẹ́ náà kò dúró. CSI-D ni wọ́n ń pe ìdánwò tí wọ́n lò. Àárín àwọn Cree ní Kánádà ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò gba ìwé kíkà, ó sì ń fọ̀rọ̀ wá ará ilé lẹ́nu wò. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, 1.35 nínú 100 ni àrùn iyè-ríra ń mú ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Àwọn kan sọ pé torí àwọn àgbà wa kì í pẹ́ láyé ni. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ti ṣírò ọjọ́ orí mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ní àìsàn òyìnbó ni, àmọ́ 1.35 kì í ṣe òdo.

Ará ilé tí à ń bi náà lè ṣini lọ́nà. "Màmá kì í dáná mọ́." Ó dáa, ta ló gba ìdí ààrò lọ́wọ́ wọn? Ní Bódìjà, ìyàwó ọmọ wọn ló ń dáná láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọn dé. Àìṣe nìyẹn, kì í ṣe àìlèṣe. Ẹ̀rọ kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn bí ẹni tó ṣe é kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tó bá sì ń sọ Yorùbá láìgbé ohùn sókè sódò yóò béèrè ọkọ, ìyá yóò gbọ́ ọkọ́, a ó sì ní iyè wọn ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àkísà. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn; ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbà èwe wọn ni àwọn olùwádìí fi ṣírò ọjọ́ orí wọn. Irú àkísà bẹ́ẹ̀ kì í tètè ya: ohun àná ni àrùn yìí máa ń kọ́kọ́ kó lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé táblẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná, kó bi ìyá léèrè ohun tí wọ́n tà ní ọjà Dùgbẹ̀ kí náírà tó dé ní 1973. Bí wọ́n bá ṣírò pé tọ́rọ́ mẹ́rin ni ṣílè kan, tí wọ́n sì ń fún un ní ṣéńjì owó tí kò fọwọ́ kàn rí, kó máa gbọ́. Bí wọ́n bá wá béèrè, lẹ́ẹ̀kẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pé "Ọmọ ta ni ọ́?", ibẹ̀ ni kó ti mú bírò.