Ilé Kì í Rìn: Ìtàn Ibùgbé àti Ilé Ìwé ní Gúúsù Èkìtì

Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, àdírẹ́sì ilé lè sọ ilé ìwé ìjọba tí ọmọ yóò lọ. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti àwọn ìlú mìíràn ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà ti ọdún 2004 fi dandan lé e pé kí òbí fi ọmọ sílé ìwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí ọdún 3 àkọ́kọ́ ní girama. Ìkìlọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fún òbí tó bá kọ̀. Bó bá tún un ṣe, ó lè san owó ìtanràn N2,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé ọmọ àdúgbò báyìí ni ilé ìwé báyìí yóò gbà.

Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí ilé ìwé ti ń darí ibi tí ìdílé Èkìtì ń gbé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ló ń kúrò nílé lọ bá ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbé ilé ìwé wá bá ọmọ. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni ìdílé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù tẹ̀ lé ilé ìwé.

Ilé baba, ilé ọ̀gá

Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń yan ilé. Ilé baba ẹni ni ilé ẹni, ìyàwó ló sì ń ṣí lọ sí agbo ilé ọkọ. Títí di òní, tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ méjì bá pàdé lẹ́yìn odi, kò ní pẹ́ tí wọn á fi bi ara wọn bóyá Ùró ni wọ́n ti wá, tàbí Odò-Ọjà, tàbí Òkè-Ìkẹ́rẹ́, àti pé ọmọ ilé ta ni. Ìdáhùn yẹn ló ń sọ ilẹ̀ tí ènìyàn lè kọ́lé sí, oyè tó lè jẹ àti ibi tí wọn yóò sin ín sí.

Bí iṣẹ́ tí bàbá fẹ́ kí ọmọ kọ́ kò bá sí nínú agbo ilé, ọmọ á palẹ̀ mọ́, á lọ gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ọlọ́wẹ̀, gbajúgbajà agbẹ́gilére, náà kò dàgbà sí ìlú tí wọ́n bí i sí. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló dàgbà sí, níbi tó ti sin Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, láàfin, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí ti wá. Ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kó tó di olóògbé ní 1938. Ọmọ ń lọ, ilé ń dúró: àṣà yìí ni ilé ìwé bá nílẹ̀.

Pààlà ìjọ

Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà tó tẹ̀ lé ogun Kírìjì ní 1886, àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn kan nínú wọn ti di onígbàgbọ́ níbi tí wọ́n wà, wọ́n sì wà lára àwọn tó gbin ìjọ sí ìlú wọn. Níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti fìdí múlẹ̀, ilé ìwé kì í pẹ́ dé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, etí ìlú ni wọ́n ti fún àwọn ìjọ ní ilẹ̀, nígbà mìíràn nínú igbó tí ará ìlú kì í fẹ́ yà sí. Ìlú ti gbòòrò débẹ̀ báyìí, ó sì ti yí ọgbà wọ̀nyẹn ká.

Àwọn ìjọ ló ni ilé ìwé nígbà náà, nítorí náà pààlà ìjọ ni pààlà tó wà. Nínú agbo ilé kan náà, ọmọ Áńgílíkà á gba apá kan lọ láàárọ̀, ọmọ Àgùdà á gba apá kejì, kódà bí ilé ìwé ọ̀kan bá sún mọ́ ilé ju ti èkejì lọ. Orúkọ ilé ìwé girama ní Ìkẹ́rẹ́ ṣì ń sọ ìtàn náà: ìjọ Àgùdà ló dá Annunciation School sílẹ̀, African Church Comprehensive High School sì ń jẹ́ orúkọ ìjọ tó dá a sílẹ̀. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí pé ọmọ tó bá wọ ilé ìwé ìjọ yóò yí ẹ̀sìn padà. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kọ́ ilé ìwé tirẹ̀ kí ọmọ má bàa pàdánù ẹ̀kọ́ nítorí ẹ̀sìn.

Ẹ̀kọ́ girama kò tíì sí nítòsí. Ní 1933, Archdeacon Henry Dallimore dá Ekiti Central School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ilé ìwé náà ṣí lọ sí orí òkè Agidimo lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì wá di Christ's School. Fún ọmọ Emùré tàbí Ìsẹ̀ tó bá wọlé, gbígbé inú bọ́dìn ni ọ̀nà tó wà. Àpótí onírin, gààrí, ẹní, ó dìgbà ìsinmi. Ọmọ tí kò bá rí bọ́dìn wọ̀ ni wọ́n máa ń fi sọ́dọ̀ àbúrò ìyá, tísà tàbí katikíìsì ní ìlú tí ilé ìwé wà. Yóò máa pọnmi, yóò máa gbálẹ̀, yóò sì máa kàwé nídìí àtùpà nígbà tí iṣẹ́ ilé bá parí. Bàbá rẹ̀ kò kó kúrò ní ilé baba tirẹ̀ rárá.

Ilé oko, ilé ìlú

Ibi tí ilé ìwé ti kọ́kọ́ pín ìdílé sí méjì ni oko. Àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ̀ àti Emùré máa ń ní ilé méjì: ilé ìlú, tó jẹ́ ti ẹbí, àti àbà nínú igbó, níbi tí kòkó, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Kí ilé ìwé tó dé, àbà ni gbogbo ilé máa ń wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìlú sì ni ibi ọdún, ìsìnkú àti ìpàdé ẹbí. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, ìyá àgbà di olùtọ́jú ilé ìlú. Bàbá àti ìyá ń bẹ lóko, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà láti ojúlé mẹ́ta ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan.

Bí aago ilé ìwé bá lù lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ọ̀nà oko á kún fún ọmọdé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń padà, àwọn àgbà wọn ru iṣu, àwọn kékeré gbé igi ìdáná, kí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè délé ìlú. Bí òjò bá ká wọn mọ́ oko, ọjọ́ Ajé á lọ, olùkọ́ á sì fi ẹgba bi ọmọ léèrè ohun tó dá a dúró. Àwọn òbí kan kó wá sílé pátápátá, wọ́n wá ń rìn lọ sóko láàárọ̀. Àwọn mìíràn fi àkọ́bí sílé ìwé, wọ́n sì mú àwọn yòókù dání lọ sóko. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, ìpinnu yẹn ló pààlà láàárín ọmọ ìyá kan náà títí wọ́n fi darúgbó.

Ilé ìwé wá bá ọmọ

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ètò tí Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, ti gbé síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 1952. Iye ọmọ ilé ìwé ní ẹkùn náà fò láti bí i 457,000 ní 1954 di ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún 1955. Wọ́n gé ọdún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní 8 sí 6. Wọ́n tún dá ilé ìwé Modern ọlọ́dún 3 sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè lọ sí girama.

Ìwé ìbí kò wọ́pọ̀ nígbà náà, nítorí náà olùkọ́ á ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka bá kan etí òsì, ó tó ilé ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ jẹun sí i. Àwọn ará ìlú gbé amọ̀ àti páànù, wọ́n kọ́ kíláàsì, àwọn kan sì lo inú ṣọ́ọ̀ṣì títí ilé fi parí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé lọ. Àwọn òbí sì ráhùn nítorí owó orí tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ètò náà. Ṣùgbọ́n ilé ìwé sún mọ́ àdúgbò àti abúlé lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ tí ìbá ti lọ gbé ọ̀dọ̀ tísà lè sùn nílé ìyá rẹ̀.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí girama lẹ́yìn 1979. Èkìtì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ nígbà náà. Gómìnà Michael Adékúnlé Ajásin, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé ní Ọ̀wọ̀, mú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN dé girama. Kíákíá ni ìlú kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ní girama tiwọn. Ìjọba ti gba ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọ ṣáájú, nítorí náà ọmọ Mùsùlùmí lè jókòó sí ilé ìwé tó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ilé wá pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ilé ìwé pọ̀ ju olùkọ́ àti ohun èlò lọ. Láti ìgbà náà ni òbí ti ń sọ pé girama kan dára, èkejì kò dára, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba.

Ìlú baba lórí fọ́ọ̀mù

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ni Nàìjíríà ti ń lo ẹkùn láti yan akẹ́kọ̀ọ́. Fásitì ìjọba àpapọ̀, bí èyí tó wà ní Ọyẹ́-Èkìtì láti 2011, máa ń fi àyè kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí i ká, àwọn ilé ìwé girama ìjọba àpapọ̀ sì máa ń wo ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá. Ohun tó ń fi ìpínlẹ̀ ọmọ hàn níbẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ ìlú baba rẹ̀. Ọmọ Emùré tí wọ́n bí ní Kàdúná, tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan ní Emùré rí, ọmọ Èkìtì ni lórí fọ́ọ̀mù. Ọmọ àgbẹ̀ Ebira tí wọ́n bí sí àbà kan lẹ́yìn Ìsẹ̀, tó gbọ́ èdè Èkìtì bí onílé, lè má rí ìwé ẹ̀rí kan náà gbà. Agbo ilé tí baba ńlá ẹni ti jáde ṣì lágbára ju ilé tí ènìyàn ń gbé lọ.

Àwọn tó sọdá òkun

Àwọn ọmọ Èkìtì tó lọ sókè òkun ló kọ́kọ́ pàdé yíyan ilé nítorí ilé ìwé bí ayé òde òní ti mọ̀ ọ́n. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1988 mú kí àyè tí òbí ní láti yan ilé ìwé gbòòrò sí i, ilé ẹjọ́ sì sọ ní 1989, nínú ẹjọ́ Greenwich, pé ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ọmọ àdúgbò kejì sẹ́yìn nítorí pé kò gbé lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó fẹ́ wọlé bá pọ̀ ju àyè lọ, ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń wọn bí ilé ọmọ ti jìnnà tó. Ìdílé kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè pàdánù ilé ìwé nítorí òpópónà kan péré, owó ilé sì ń gòkè níbi tí ilé ìwé tó lórúkọ wà. Ní Amẹ́ríkà, owó orí ilé àti ilẹ̀ wà lára ohun tó ń bọ́ ilé ìwé ìjọba. Ní 1973, nínú ẹjọ́ tó ti San Antonio wá, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ kọ̀ láti sọ pé ìyàtọ̀ owó láàárín àdúgbò olówó àti àdúgbò tálákà lòdì sí òfin ilẹ̀ náà. Òbí tó dàgbà ní Ìkẹ́rẹ́ á wá rí i pé ilé tí òun bá yá lè sọ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ òun.

Ilé ń ṣí báyìí

Àṣà náà ti ń yọjú nílé báyìí, bí ìjọba kò tilẹ̀ fa ìlà. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé lọ síbi iṣẹ́ tuntun kì í ní ilé baba níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yá ilé, ìgbà yẹn ni wọ́n á béèrè ilé ìwé tó wà nítòsí. Ìkẹ́rẹ́ wà lójú ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, nítorí náà òṣìṣẹ́ lè gbé ibẹ̀ kó máa lọ ṣiṣẹ́ ní Adó. Ilé Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ní 1977 di fásitì ní 2020, ó sì ń jẹ́ orúkọ Bámidélé Olúmilúà, ọmọ ìlú náà tó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́. Ní àyíká irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, yàrá self-contain ni onílé ń kọ́. Onílé mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdílé ọlọ́mọ mẹ́rin á sì wá ilé lọ sí ẹ̀yìn ìlú.

Ní ẹ̀yìn ìlú yẹn ni ilé ìwé aládàáni pọ̀ sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí Káyọ̀dé Fáyẹmí padà di gómìnà Èkìtì, ó fagi lé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé ìjọba. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí tó rí owó san ṣì ń fi ọmọ sí ti aládàáni, tí wọ́n bá sì ra pọ́lọ̀ọ̀tì, wọ́n á béèrè bóyá ọkọ̀ ilé ìwé máa ń dé àdúgbò náà.

Ọ̀nà tún ti wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ilé ìwé kan dúró lójú ọ̀nà Emùré sí Ẹpọrọ, wọ́n sì kó ọmọ, olùkọ́ àti awakọ̀ wọ igbó. Àwọn ọmọ àti olùkọ́ gba ìtúsílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pa awakọ̀. Láti ìgbà náà, òbí tó ń gbé abúlé tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní ìlú ní ìdí tuntun láti ronú kó tó jẹ́ kí ọmọ dá ọ̀nà náà gbà.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, òbí tó ń ra ilẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lónìí sì ń ṣírò ilé àti ọmọ pọ̀. Olówó ló lè ṣe ìṣirò náà dáadáa. Ọmọ àgbẹ̀ tó wà ní àbà kò ní ilé tó lè yàn, nítorí náà ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni kí ilé ìwé sún mọ́ ọn bí ètò ọdún 1955 ti ṣe, kí olùkọ́ tó tó wà nínú rẹ̀, kí ọ̀nà ibẹ̀ sì láàbò. Níbikíbi tí ìjọba bá ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ìdílé tí yóò nílò láti kó ẹrù nítorí ìwé.