Ẹja Tó Ń Tu Omi fún Àlejò Pàtàkì

Ṣé ẹ ti wọ pálọ̀ kan rí tí àga ibẹ̀ rẹwà, àmọ́ tí àwọn ọmọ onílé ò gbọ́dọ̀ jókòó lé e? Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Jacques Tati fi irú ilé bẹ́ẹ̀ pa ayé lẹ́rìn-ín ní ọdún 1958. Mon Oncle lorúkọ fíìmù náà, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar.

Nígbà yẹn, ilẹ̀ Faransé ń tún ara ẹ̀ kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé tuntun, mọ́tò tuntun, ẹ̀rọ tuntun ló gbòde. Nínú fíìmù yìí, tọkọtaya kan kọ́ ilé ìgbàlódé. Wọ́n gbé ẹja irin kan sínú ọgbà, tó ń tu omi sókè. Bí aago géètì bá ti dún, ìyàwó á sáré tan ẹja. Bó bá wá rí i pé arákùnrin òun lásán ni, kíá, á tún pa á. Omi ò tọ́ sí tẹbí!

Arákùnrin náà ni Hulot, Tati fúnra ẹ̀ ló sì ṣe é. Ó ga, ó fi ìkòkò tábà sẹ́nu, ó wọ ẹ̀wù òjò, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí Tati tó máa ṣe fíìmù, orí ìtàgé ló ti ń fi ara lásán sín àwọn eléré ìdárayá jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ò gbọ́ èdè Faransé fi lè wo eré ẹ̀, kó sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló dáwọ́ lé Playtime. Ó kọ́ odidi àdúgbò kan sí eteetí Paris, tirin tirin, tòun ti gíláàsì àti títì. Tativille làwọn èèyàn ń pè é, ìyẹn ìlú Tati. Láti 1964 ni wọ́n ti ń ya fíìmù náà, 1967 ló tó jáde.

Ẹ wo ibì kan níbẹ̀. Ilé oúnjẹ tuntun ṣí lálẹ́ ọjọ́ kan, iṣẹ́ ò tíì parí. Hulot kọ lu ìlẹ̀kùn gíláàsì, ó fọ́ yángá. Aṣọ́nà mú ọwọ́ ìlẹ̀kùn tó ṣẹ́kù dání, ó ń fi ṣí ìlẹ̀kùn tí ò sí mọ́ fáwọn oníbàárà. Àwọn náà ń wọlé tẹ̀yẹtẹ̀yẹ! Kò pẹ́, àjà já lulẹ̀ lápá kan. Ìgbà yẹn gan-an ni àríyá bẹ̀rẹ̀: àwọn tí ò kíra tẹ́lẹ̀ wá ń jó pọ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Àmọ́ ẹ̀rín náà ná Tati lówó. Àwọn èèyàn ò wò ó tó bó ṣe rò. Gbèsè wọlé, wọ́n wó Tativille, ẹ̀tọ́ orí àwọn fíìmù tó ti ṣe sẹ́yìn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó fi ìlú gíláàsì ṣẹ̀fẹ̀, ìlú gíláàsì ló jẹ owó ẹ̀ tán. Ó kú ní 1982. Lónìí, àwọn tó mọ fíìmù ń ka Playtime mọ́ èyí tó dáa jù láyé.

Kò kórìíra ohun tuntun o. Ní ìparí Playtime, mọ́tò tó ń yí oríta po di bí ẹṣin onígi táwọn ọmọdé ń gùn níbi ìṣeré. Ohun tó ń bi wá ni pé: nǹkan tá a rà, ṣé ó ń sin èèyàn ni, àbí èèyàn ló ń sìn ín? Bí aago géètì tiwa bá dún lónìí, ta là ń tan ẹja fún, ta sì là ń pa á fún?